Bí Mo Ṣe Pọn Kámẹ́rà

Kílò mẹ́rìnlá ni.
Ẹlẹ́ja dídì kan ní Mọ́kọ́lá ló bá mi wọ̀n ọ́n,
ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹja wo rèé?"
Kámẹ́rà méjì, lẹ́ǹsì márùn-ún,
bátìrì tó tó ẹ̀kọ mẹ́jọ,
irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń dún woroworo,
gbogbo rẹ̀ lórí èjìká òsì kan ṣoṣo,
fún ọdún mọ́kànlá.
Òsì ti wọlẹ̀, ọ̀tún ń wòkè.
Mùsẹ́díìkù télọ̀ mi kì í béèrè mọ́,
ó kàn ń rán èjìká bùbá mi ní wọ́gọwọ̀gọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ ya fọ́tò òrùlé Ìbàdàn,
àwọn páànù tó ti dípẹtà,
tí oòrùn àárọ̀ ń sọ di ẹyín iná.
Mo gun Òkè Àrẹ, mo wọ inú Láyípo.
Àtẹ̀gùn yí, mo yí,
báàgì yí, ó forí gbá ògiri,
nǹkan kan sì já ní ìbàdí mi, pá!
Ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀kalẹ̀,
lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrákòrò.
Oòrùn ti gun orí páànù kí n tó dé ìsàlẹ̀.

Ìyá àgbà kan ló bá mi níbẹ̀,
Sìdíkátù, ó pọn ọmọ ọmọ rẹ̀,
wọ́n ń ti Adéọ̀yọ́ bọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún un lábẹ́rẹ́.
Ó wò mí, ó wo báàgì, ó bú sẹ́rìn-ín.
"Ṣé báyìí ni ìyá rẹ ṣe gbé ọ?
Ṣé èjìká kan ló fi ọ́ kọ́ bí àpò ọdẹ?"
Ó tú ọ̀já kan kúrò nídìí, ó kù ìkejì.
"Ki apá méjèèjì bọ̀ ọ́.
Èyí tó wúwo jù, ẹ̀yìn ni kó sún mọ́,
bí àyà ọmọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìyá;
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó wà lóde.
Gbé e sókè. Má jẹ́ kó máa fì.
Ìbàdí ló ń ru ẹrù.
Èjìká kàn ń dì í mú ni, kó má baà sá lọ."
Ó fún ọ̀já náà mọ́ mi títí mo fi mí hìn-ìn.
"Bó o bá fẹ́ gbé e nílẹ̀, má tẹ̀ba. Lóṣòó.
Itan ni kó o fi dìde."

Ó tún ní kí n ṣí i.
Ó ka lẹ́ǹsì, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.
"Márùn-ún? Ojú mélòó lo ní?"

N kò rí èsì.
A kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀;
èmi ru erin, mo ru ìrẹ̀,
mo tún ru ọkọ́ tí mo fi ń wa á.

Mẹ́ta ń gbélé báyìí, nínú ike, pẹ̀lú ìrẹsì tútù díẹ̀
tí kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin bà wọ́n jẹ́.
Kásúmù tó ń tún báàgì ṣe ní Agbẹni
gé bẹ́líìtì ìjókòó kúrò lára Pijó kan tó ti kú,
ó ki fóòmù sí i, ó rán an mọ́ ìdí báàgì mi.
Ó ṣì ń wúwo, ẹ má jẹ́ n parọ́.
Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń tẹ́ ẹ̀yìn sórí símẹ́ńtì,
mo ń ká orúnkún sókè,
ìyàwó mi ń fò mí kọjá lọ gbé ọbẹ̀ kaná.
Ṣùgbọ́n mo ti dé orí Láyípo, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Nígbà tí mo lọ dá ọ̀já padà,
ọmọ náà ti ń fẹsẹ̀ rìn.
Ó yí mi po, ó wo ẹ̀yìn mi,
ó fọwọ́ kan báàgì jẹ́jẹ́,
ó bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè
bóyá ó ti sùn.