Ohun Tí Kò Sọnù

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́ta
ní yàrá kékeré kan ní Sheffield, lẹ́yìn ilé ìkàwé.
Ṣé ọmọ náà ń bẹ̀rù ajá?
Ṣé ẹ̀pà máa ń gbòdì lára rẹ̀?
Aago mélòó ló ń sùn?
Mo kọ ọ́ pé rárá, rárá, aago mẹ́sàn-án.
Kò síbi tí wọ́n ti bi mí pé
báwo ló ṣe ń kí àgbà.

Ìbídùn ọmọ mi ló fẹ́ lọ
sí ilé ìwé lẹ́yìn òkè, ní Thornlow,
níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ,
tí ọmọ tó dúdú bíi tiwa kò tíì jókòó ní kíláàsì rí.
Ẹni tó wù ló ń lọ. Kò sẹ́ni tó fi tipá mú wa.
Bọ́ọ̀sì aago méje á gbé e lọ, ti aago mẹ́rin á gbé e bọ̀;
ṣùgbọ́n bí yìnyín bá dí ọ̀nà,
ọmọ gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn kan tí yóò lè kàn.

Winifred Ollerenshaw ni wọ́n fi so wá pọ̀:
opó, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
kò bímọ, ajá rẹ̀ ti kú.
Mo ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ahọ́n mi ń kọsẹ̀.
Mo ro ohun kan nípa ẹni tí kò bímọ
tí ojú ń tì mí láti kọ síbí.

Nínú oṣù Èrèlé, yìnyín dé. Bọ́ọ̀sì kò wá.
Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, mò ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù,
nígbà tí fóònù gbọ̀n nínú àpò mi.
"Ó ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ti jẹun."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan."

Ó ní bí òun ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí,
ọmọ fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lórí ẹní ìnusẹ̀.
Òun rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀,
kọ́kọ́rọ́, bóyá yẹtí.
Lòun náà bá kúnlẹ̀,
tòun ti ìbàdí tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe.
Àwọn méjèèjì ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri;
Ìbídùn ń bá a wá a,
nítorí ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́ kì í wo àgbà níran.
Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, yìnyín ń wọlé.
"Kí ló sọnù?" ló bi mí. "A ò rí i."

Mo gbé igi ìnulẹ̀ ti ògiri.
Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ wá, omijé tẹ̀lé e.
Mo ní, Màmá, kò sí ohun tó sọnù.
Ó ń kí yín ni. Ẹ sì ti dá a lóhùn.

Mo ń gbọ́ kẹ́tù tó ń hó nílé rẹ̀.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
Ó ní, "Òun ló fà mí dìde."