Ìparí Orin Kẹrin

Dọ́là mẹ́ta ni Hálínà pè é,
nínú gáréèjì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní àríwá Wínípẹ́ẹ̀gì,
ní oṣù Kejì, nígbà tí imú ènìyàn ń dì
kó tó mí èémí rẹ̀ tán.
Ó ní ọkọ òun ló kó wọn jọ,
ó wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
kì í jó, kì í mutí,
àjà ilẹ̀ ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú ariwo yìí.
"Ṣé o tilẹ̀ mọ ohun tí ò ń rà?"
N kò dá a lóhùn. Ọwọ́ mi ti dúró lórí ọ̀kan.

Páálí rẹ̀ ti ṣá. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti pọ́n bí omi tíì.
Ọmọkùnrin mẹ́rin níwájú ibi ìwakùsà tí wọ́n ti tì pa,
irun wọn gùn, wọn kò rẹ́rìn-ín,
bàtà ẹsẹ̀ ọ̀kan kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.
Ọmọ Kòtò Èédú, bí mo bá túmọ̀ orúkọ wọn,
láti ìlú kékeré kan ní òkè Ìlú Ọba.
Ẹ̀dà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré, owó àpò wọn ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.
Báírò kọ nọ́ńbà sí igun: irinwó ó lé mọ́kànlá.

Mo mọ̀ wọ́n.
Iléṣà, 1988. Bọ́dúnrìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi,
ti Ìlú Ọba dé pẹ̀lú àwo yìí lábẹ́ abíyá,
ó ní òru kan lòun yá mi, ilẹ̀ bá mọ́ òun ń lọ Kàdúná.
N kò ní kásẹ́ẹ̀tì òfìfo.
Mo jí ti màmá mi, ìwàásù Alàgbà Fámúrewà,
mo fi bébà dí ihò orí rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì pupa.
Orin kẹrin dé, jìtá ń sáré
bí ẹni tí oyin lé, tí kò rántí bàtà,
ìlù ń já lulẹ̀ bí òkúta láti ẹ̀yìn típà,
ọmọ náà ń ké nípa bàbá rẹ̀ àti ìwé lọ-sílé,
ó fẹ́ dé ibi tó ń lọ, ó kù díẹ̀, ó kù —
NẸ́PÀ mú iná.

Kí iná tó dé, Bọ́dúnrìn ti kọjá Jẹ́bà.
Fún ọdún mẹ́rìndínlógójì
orin yẹn kò parí létí mi:
jìtá yóò gòkè, yóò gòkè, yóò já, pàù,
ohùn Alàgbà yóò sì bọ́ síbẹ̀ jẹ́jẹ́,
"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."
Màmá mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má bi mí léèrè etí mi.

Èmi fúnra mi ló wá hun ìparí sí i.
Lẹ́nu iṣẹ́ òru, níbi tí mo ti ń to páálí ẹran dídì,
mo máa ń fi ẹnu kọ ọ́, ìparí ńlá, ìṣẹ́jú méjì gbáko,
bàbá yẹn gba iṣẹ́ rẹ̀ padà,
kòtò là, gbogbo wọ́n jáde.

Lálẹ́ òní mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì nu àwo náà,
mo sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀.
Orin kẹrin. Ó dé ibi tí iná ti lọ.
Mo di àga mú.
Ó kọjá.

Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló kù.
Jìtá ṣi ẹsẹ̀ gbé, onílù dúró ṣáájú àwọn yòókù,
ẹnì kan húkọ́,
ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ó wọlé?"
Ó tán.

Abẹ́rẹ́ ń họ ibi òfìfo, ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́.
Yìnyín ń bọ́ sórí ọkọ̀ mi níta.
Ọdún mẹ́rìndínlógójì, nítorí ikọ́ kan.
N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là,
tí mo bá òkú ọkùnrin yẹn parí rẹ̀:
"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."
Morádékẹ́ ní "Àmín" láti ilé ìdáná,
ó ní ṣé kí òun gbé ọbẹ̀ kaná.