Búrọ́ọ̀ṣì Ìfọyín

Mo ti iṣẹ́ òru dé, oorun ń kùn mí,
mo ṣáà kó wọn lọ, torí mo ti ṣèlérí.
Bámíńgámù, Sátidé, òjò wínníwínní.
Ìní béèrè bóyá dáínósọ̀ wà níbẹ̀.
Mo ní kò sí.
Ó ní kí wá ni a fẹ́ lọ wò?
N kò rí èsì fún un títí a fi wọlé.

Ẹ̀rọ omi méjì wà lára ògiri,
ọ̀kan ń dán, èkejì ti dípẹtà.
Ìní ní òùngbẹ ń gbẹ òun.
Mo fà á lọ́wọ́, mo ní omi wà nínú mọ́tò.

Mọyọ̀ kò tẹ̀lé wa mọ́.
Ó dúró síwájú àwòrán kan:
ọmọbìnrin kan bí ẹgbẹ́ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan ti yọ̀ wálẹ̀,
ọlọ́pàá dì í lápá mú,
àpò pépà kékeré lọ́wọ́ rẹ̀.
"Mọ́mì, kí ló wà nínú àpò yẹn?"

Bàbá tó ń mú àlejò káàkiri, Ọ̀gbẹ́ni Tarpley,
bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ ké.
"Búrọ́ọ̀ṣì ni. Gbogbo wa la mú tiwa dání.
A mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n là ń lọ,
ìyá wa sì ti kọ́ wa pé
níbikíbi tílẹ̀ bá ti mọ́ báni, eyín là á kọ́kọ́ fọ̀."
Ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ ṣì pé.
"Àwọn àgbà níṣẹ́ tí wọ́n lè pàdánù.
Àwa ò ní ju ilé-ìwé lọ."

Ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè:
láti kékeré ni mo ti ń pa á lówe.
Ibí ni mo ti wá rí kèrègbè ọ̀hún.
Irin ni. Ó ní àgádágodo.

Nínú mọ́tò, Ìní mu omi tán, ó sùn.
Mọyọ̀ ní, "Ibo lẹ̀yin wà nígbà yẹn?"
Mo ní wọn ò tíì bí mi,
mo ní ìyá àgbà yín wà ní Ìlá, ó ń kọ́ irun dídì.
Òótọ́ ni.
Ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ṣéńjì tí kò pé.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ń to báàgì ilé-ìwé wọn.
Láàárín ìwé ìṣirò àti ike oúnjẹ
ni ọwọ́ mi ti kan búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀,
ó fi tísù wé e.
Mo dì í mú, ó pẹ́.
Mo dá a padà síbi tó wà, mo fa ṣíìpù.
Lọ́la, màá ra òmíràn sí bálùwẹ̀.