Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Lọ́jọ́ tí a kó kúrò ní Jọ́ọ̀sì lọ sí Bwari,
ẹrù ti kún ọkọ̀, awakọ̀ ń fọn fèrè kíkankíkan,
bàbá mi ti so bẹ́ẹ̀dì mọ́ fíríìjì,
ìyá mi ṣì wà nílé ìdáná tó ti ṣófo,
ó kúnlẹ̀ síbi tí sítóòfù wà tẹ́lẹ̀,
ó na bàtà kan síwájú, ẹsẹ̀ òsì, àlòkù bàbá mi,
ó ń fi èdè abúlé rẹ̀ bá ògiri sọ̀rọ̀:
“Bàbá àgbà, ẹ má bínú. A ti ń lọ.
Ẹ wọlé síbí. Ẹ má jẹ́ ká dá lọ.”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo yọjú wo inú bàtà.
Ìṣó kan. Eruku. Okùn tó ti já.
Ó gbá mi létí: àgbàlagbà ń bẹ níbẹ̀!
Títí a fi kọjá Akwanga, orí itan rẹ̀ ló wà,
ó fi gèlè bò ó bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Halina ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.
Iṣẹ́ irin ni bàbá mi lọ kọ́ níbi yìnyín,
ìyàwó ló gbé bọ̀ wá sí Ìkàrẹ́.

Ìtàn ẹnu rẹ̀ kò bá ti ìwé mi mu.
Ìwé ní ìmọ́lẹ̀ dé, òkùnkùn sì ká ẹní rẹ̀.
Ó ní: “Ọba kan ló jí lówùúrọ̀
tó ní kí wọ́n so òrìṣà ààrá mọ́ ìrù ẹṣin,
ọkùnrin méjìlá ń fi ọ̀pá nà án títí dé odò.
Ta ló kọ ọ́ pé inú gbogbo ìlú dùn?
Ẹni tí kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.
Àwọn ìyá wa wà létí odò, wọ́n ń sunkún.”
Mo ní, “Ẹ̀yin náà ní ti yín?”
Ó ní, “Ìlú wo ni ààrá kì í sán?”

Kò sí yìnyín ní Bwari tí èèyàn ń lé lọ.
Ọyẹ́ la ní: ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là.
Bí ọyẹ́ bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀,
ìyá mi á ṣa pòròpórò ọkà bàbà lóko olóko,
á dì í bí obìnrin, á wọ̀ ọ́ ní búláòsì mi tó ya,
a ó dáná sun ún létí odò Usuma, a ó tì í sómi.
“Má bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá wẹ̀yìn ti pè é padà.”

Lọ́dún kan, mo wẹ̀yìn.
Bàbá Gimba ló dúró síbẹ̀, ará Gbagyi,
ìyàwó rẹ̀ gbé igi ìdáná lé èjìká,
nítorí lọ́dọ̀ tiwọn, orí kì í ṣe ibi òṣùká.
Kò bi wá pé kí la ń sun.
Ó ṣí fìlà.

Haúsá jákujàku ni òun àti ìyá mi jọ ń sọ.
Ó sọ ti bàtà fún un. Bàbá dákẹ́ pẹ́.
Ó ní nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìlú ńlá yìí,
wọ́n ka òrùlé àwọn, wọ́n ka igi igbá,
wọ́n sanwó igi. Lọ́rì dé.
“Kò sẹ́ni tó ka àpáta. Àpáta ò sì wọ lọ́rì.
Halina, bàtà ẹsẹ̀ ta ló gba òkúta?”

Ìyá mi ò dáhùn.
Ó bu eérún búrẹ́dì fún un, ó wọ́n iyọ̀ sí i.

Bàtà náà wà lẹ́yìn sítóòfù mi báyìí, ní Kubwa.
Mo máa ń ju búrẹ́dì síbẹ̀ lálẹ́ Sátidé.
Kò ní sí níbẹ̀ mọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́.
Ọkọ mi ní eku ni.
Ó lè jẹ́ eku.
Ṣùgbọ́n láti fèrèsé ọ́fíìsì, mo ń wo àpáta,
n kì í na ìka sí i.