Àpá Keje

Ní Òkè-Líṣà l'Óǹdó, nínú ṣọ́ọ̀bù Bùrọ̀dá Lúyì,
ọgọ́rùn-ún náírà ni ogún ìṣẹ́jú.
Jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn fèrèsé,
èmi àti Tẹniọlá, ọmọ àbúrò ìyá mi,
lórí bẹ́ńṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.

Èmi, ẹni tí wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀ ni mo máa ń mú:
jagunjagun kan báyìí, irun rẹ̀ funfun,
ohùn rẹ̀ bí ẹni tó gbé òkúta mì.
Kí n tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, ó ti jẹ gbèsè,
ó ti fẹ́yàwó, ìyàwó ti kọ̀ ọ́,
ó ní ọ̀tá ní ìlú mẹ́ta tí n kò dé rí.
Mo kàn wọ inú rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń wọ ẹ̀wù bàbá rẹ̀:
apá gùn jù, àmọ́ òórùn ènìyàn wà níbẹ̀.
Bó bá ń sunkún, èmi kọ́ ni mo ní kó sunkún.
Màá gbọ́wọ́ kúrò, màá máa wò ó.

Tẹniọlá kì í gbà.
"Ta ló sọ ọ́ lórúkọ? Ṣé èmi ni?"
Ẹni tí a óò fẹsẹ̀ rẹ̀ rìn, ó ní,
ó yẹ ká fọwọ́ ara wa mọ ẹsẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú Màmá Àgbà
ó san irinwó náírà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
owó ìwé ìṣirò.
Ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń dá ènìyàn.
Ó yan awọ dúdú; ó tún un yan, kò dú tó.
Ó fẹ imú. Ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé
bíi ti ẹni tí eyín mẹ́rin ti yọ lẹ́nu rẹ̀.
Ọjọ́ orí kò kọjá ọgọ́ta;
wọn ò rò pé arúgbó lè gbé idà.
Wọn ò rí i lọ́mọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin
bó ṣe ń fàdá la kòkó.

Ó wá ku ilà.
Ẹyọ kan, gígùn, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan,
ilà Oǹdó.
Àpá mọ́kànlá ni ẹ̀rọ kó sílẹ̀:
ti idà, ti iná, ti èékánná ẹranko.
Ogun ló ni gbogbo wọn.
Kò sí ọ̀kan tí wọ́n fi sọ pé, tiwa lèyí.
Ìkeje ló jọ ọ́ díẹ̀. Ó fi í sí òsì.
Ti ọ̀tún, ẹ̀rọ kọ̀. Ẹyọ kan péré.

"Àkókò ti tán o," Bùrọ̀dá Lúyì ní.
Ó wo ojú tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó dákẹ́,
ó lọ da epo sí jẹnẹrétọ̀.
"Ẹ máa bá a lọ."

Màmá Àgbà wọ ìlú àjèjì.
Oníbodè ní, "Káàbọ̀, àlejò."
Alágbẹ̀dẹ ní, "Kí lo fẹ́ rà, àlejò?"
Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì là.
Màmá Àgbà tó ń bá ewúrẹ́ jà,
tó ń bá rédíò jiyàn!
"Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀?"
Èmi tí mo ń fi ohùn jagunjagun mi yangàn,
n kò rí nǹkan kan sọ.
Ni Tẹniọlá bá la ẹnu tirẹ̀,
ó bú oníbodè ní èdè Oǹdó ponbele,
títí dórí ìyá tó bí i.
A rẹ́rìn-ín títí iná fi kú.

Mo wà l'Ákùúrẹ́ báyìí, ọ́fíìsì kan l'Álágbàka.
Orímisàn ni Màmá Àgbà sọ mí. Ẹnikẹ́ni kò bi mí.
Apá rẹ̀ ṣì gùn díẹ̀.

Tẹniọlá pè mí lálẹ́ àná.
"Ilà Màmá Àgbà," ó ní, "ṣé òsì nìkan ni?
Òsì nìkan ni mò ń rí."
Mo ní méjèèjì ni.
Mo gbé fóònù kalẹ̀,
mo lọ tú àpótí wá fọ́tò.