Ìbéèrè Nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣaléwá

Ìbíyẹmí, máa sùn. Oorun ò tíì rí mi gbé.
Iná ti lọ ní Òkèṣà láti ìrọ̀lẹ́,
ẹ̀fọn ń kùn létí mi bí ayùn tó ti kú.
Mo ń ka pákó àjà tí mo fọwọ́ ara mi kàn,
mo dé orí ẹ̀kẹrin, mo dúró,
torí mẹ́rin ló sùn sórí ẹní ní yàrá kejì.

Lọ́jọ́ tí o bí àbígbẹ̀yìn
ẹ̀jẹ̀ ò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí.
Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́búlẹ́bú pákó nírun mi.
Láti ìgbà náà ni òṣómàáló kan
ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ara rẹ.
Oògùn oníhóró fọ́ ọ lórí,
abẹ́rẹ́ sọ oṣù kan di ẹ̀jẹ̀.
Ìgbà wo ni ara tèmi fẹ́ san níbẹ̀?

Jìnádù ní, “Wọ́n á tẹ̀ ọ́ lọ́dàá!
O ó sanra bí òbúkọ ọdún.”
Mo rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì bá mi délé.

Nọ́ọ̀sì fa ìlà méjì sẹ́yìn káàdì:
“Ẹ̀pọ̀n ò kúrò níbi tó wà.
Okùn tín-ín-rín tí irúgbìn ń gbà la ó gé, la ó dì.
Ìfẹ́ obìnrin ò gba ibẹ̀ kọjá.
Á wú díẹ̀, á dùn ọ́ díẹ̀.
Fún ọ̀sẹ̀ kan, má gbé pákó.”
Mo ní, ìrókò ńkọ́? Kò rẹ́rìn-ín.

“Má sì rò pé ó parí lọ́jọ́ náà.
Àṣẹ́kù ṣì wà lójú ọ̀nà.
Oṣù mẹ́ta, ẹ máa lo rọ́bà,
títí o ó fi gbé ìgò kékeré wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.
Àwọn kan ò padà wá.
Ìyàwó wọn ló padà wá, pẹ̀lú oyún.
Kò sì dí ọ̀nà mọ́ àrùn o.”

Ló bá gbé báírò sílẹ̀:
“Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá kú ńkọ́?
Bí ìyàwó yìí bá lọ, tí òmíràn wọlé, tó ń tọrọ ọmọ?”
“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Ohùn wa kọlu ara wọn.
“Àmín. Ṣùgbọ́n àmín kọ́ ni ìdáhùn. Ẹ lọ wá a nílé.”

Èmi káfíńtà mọ ohun tí ayùn ń ṣe.
Pákó tí a gé ṣeé lẹ̀, gọ́ọ̀mù wà, ìṣó wà,
ṣùgbọ́n n kò ní búra fún oníbàárà kankan.
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní àtúnso okùn yẹn rí:
owó gọbọi, ìrètí bíńtín.

Mo ti pa ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóru yìí lọ́kàn mi,
mo sunkún ẹ, mo jí ọ padà.
Mo wo ìyàwó tuntun náà, kò lójú.
Mo wo àwọn tó sùn sórí ẹní:
ta ni mo lè bí rọ́pò ta ni?
Ọmọ kì í ṣe ẹsẹ̀ àga.

Ìyá mi ní Ìbòdì ò gbọ́. Bóyá kò ní gbọ́.
Ìwé tí a ó fọwọ́ sí wà lábẹ́ ìrọ̀rí.
O ní kí n má fi àánú rẹ ṣe é,
pé àánú máa ń rẹ èèyàn.
Tí ilẹ̀ bá mọ́, tún bi mí léèrè,
kí àwọn ọmọ ti lọ síléèwé,
kí n lè wò ọ́ lójú.