Orúkọ tí Mo Ń Tẹ̀ Sọ́rùn Ìkòkò

Àná ni Támà, ọmọ ọmọ mi, bi mí léèrè
bóyá òótọ́ ni pé odò kan sá kúrò nídìí odi ìlú wa rí.
Mo ní: odò kì í sá.
Wọ́n gbẹ́ kòtò tuntun fún un ni,
wọ́n fà á lọ bí ẹni fa ewúrẹ́ kúrò nínú ọgbà àjàrà.
Nígbà tó di ọjọ́ kẹta,
àwọn ará inú odi yọjú wo ìsàlẹ̀,
òkúta funfun ni wọ́n rí, àti ẹja tí ń la ẹnu.

Ta ló sọ fún mi? Ìyá mi.
Ta ló sọ fún un? Ìyá tirẹ̀.
Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ iye ìyá tó wà láàárín.
Ìtàn náà ti dán
bí ọwọ́ ìlẹ̀kùn tí gbogbo ilé ti dì mú.

Wọ́n ní Róòmù gba òkun wọ Ístríà,
ọkọ̀ wọn tò sétí omi bí eyín lẹ́nu.
Wọ́n ní a kọ́kọ́ lé wọn.
Ní òwúrọ̀ ìkùukùu kan, a ya wọ àgọ́ wọn,
wọ́n sá padà sínú ọkọ̀, wọ́n fi wáìnì sílẹ̀,
àwọn ọkùnrin wa sì jókòó ti wáìnì ọ̀hún.
Ibí yìí ni ìyá mi máa ń dákẹ́ sí.
Á wá ní: "Ẹni tó bá ṣẹ́gun, kó má tíì jókòó."

Ti inú odi, mi ò ní sọ gbogbo ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ.
Mo sọ pé odi náà ga. Mo sọ pé ilẹ̀ jìn.
Mo sọ pé àwọn ìyá kan wà níbẹ̀
tí wọn ò fẹ́ kí ọmọ wọn mọ bí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣe wúwo tó.
Ó wò mí. Kò bèèrè nǹkan mìíràn.

Nídìí ìléru ni mo ti ń jẹun báyìí.
Amọ̀ etíkun wa, pupa bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú,
ni wọ́n fi ń mọ ìkòkò ọlọ́rùn gígùn
tí wọ́n ń rọ òróró ólífì sí,
tí ọkọ̀ ń kó lọ fún àwọn ọmọ ogun lápá àríwá,
níbi tí wọ́n ní omi máa ń le bí òkúta.
Iṣẹ́ tèmi ni òǹtẹ̀.
Kí amọ̀ tó gbẹ, mo ń tẹ orúkọ ọ̀gá sọ́rùn ìkòkò,
orúkọ ọkùnrin kan tí mi ò rí rí.
Ọgọ́rùn-ún lójúmọ́; nígbà ìkórè, igba.
Mi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìka mi mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ má rò pé ẹkún ni mo ń sun ṣá.
Ọ̀nà wọn dára, kẹ̀kẹ́ kì í rì.
Omi ń gba orí òpó òkúta wá sí àárín ìlú:
àwọn tó gba odò lọ́wọ́ wa
ló tún gbé omi wá fún wa,
a sì ń dúpẹ́, nítorí òǹgbẹ kì í ka ìtàn.
Ọmọkùnrin mi Ospólì ń sọ èdè wọn bí ẹni mu ún mọ́ ọmú.
Ó ní orúkọ tuntun ni kí n máa pe òun.
Mo ń pè é. Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo máa ń gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù lẹ́nu mi nínú èdè àwọn ìyá yẹn.
Orúkọ amọ̀ ni. Amọ̀ tútù, kó tó wọ iná.
Bó bá ti jóná tán, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè é.

Lálẹ́ àná, nígbà tí ọ̀gá ìléru ti lọ,
mo mú Támà dání lọ síbi tí ìkòkò tútù tò sí.
Mo ní kó fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ ìdí ọ̀kan,
níbi tí akọ̀wé kò ní wò.
Ó tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Amọ̀ wọ èékánná rẹ̀.
Mo sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí.
Ó sọ ọ́ padà, ó ṣì í sọ díẹ̀.
Mi ò tún un ṣe.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n ti tiná bọ ìléru.